Ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìgbáròkó, màmá ṣì ń tiro: sùúrù ni àbí nǹkan ti bàjẹ́?

Ọmọ Ìyá Kubwa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé. Ìbéèrè ni mo gbé wá. Màmá, ẹni ọdún 61, ni wọ́n pààrọ̀ oríkèé ìgbáròkó òsì fún, àti orí eegun itan àti ihò tó ń yí nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje rèé. Ojú ọgbẹ́ ti jinná, kò sí ibà, wọ́n ń sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń rìn, ara wọn ń yẹ̀ sí òsì ní gbogbo ìgbésẹ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Wọ́n tún ní ẹsẹ̀ òsì gùn ju ọ̀tún lọ. Aládùúgbò kan ní kí wọ́n ju ọ̀pá nù kí ẹsẹ̀ lè mọ ọ̀nà ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ní òun mọ bàbá kan ní Nyanya tó máa bá wa fà á wálẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún wa nígbà tí a ń kúrò ní ọsibítù kò ju ìlà méjì lọ: ẹ máa ṣe eré ìdárayá, ẹ ní sùúrù. Òwe sùúrù, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Títí di ìgbà wo, kí sì ni ká máa ṣe nínú sùúrù náà?

Fisiò Gwarinpa

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ọ̀sẹ̀ méje kò tíì pẹ́ rárá, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wádìí ni ibi tí dókítà gbà wọlé, torí òun ló máa sọ iṣan tó ṣì ń sùn.

Bó bá gba ẹ̀yìn, á la iṣan ńlá ìdí kọjá, á gé àwọn iṣan kéékèèké tó ń yí itan síta, á sì rán wọn padà. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń kìlọ̀ fún pé kí orúnkún má ga ju ìbàdí lọ, kí ẹsẹ̀ kan má gorí èkejì, kí ìka ẹsẹ̀ má sì yí sínú, fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́, apá kan iṣan tí wọ́n ń pè ní gluteus medius ló máa ṣí kúrò lára eegun itan kó tó rí oríkèé, á wá rán an mọ́ ọn padà. Ẹ má fi àpá mọ ìyàtọ̀, àwọn méjèèjì kì í jìnnà síra. Ẹ bi dókítà.

Gluteus medius yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí, níbi tí àpò ṣòkòtò máa ń wà. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá kúrò nílẹ̀, ti òsì ló máa di egungun ìbàdí mú kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún má bàa já wálẹ̀. Ẹ wò ó bíi jangirọ́fà tí ọmọ ńlá jókòó sí apá rẹ̀ tó gùn, tí èèyàn kan wá ń tẹ apá kejì tó kúrú. Onítọ̀hún ní láti fi agbára tó ju ìwúwo ọmọ náà lọ tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ń wọ oríkèé nígbà tí a bá dúró lórí ẹsẹ̀ kan fi lé ní ìlọ́po méjì ìwúwo ara. Bí iṣan náà bá rẹ̀, ara á dá ọgbọ́n: á gbé àyà àti orí dà sórí ẹsẹ̀ tó ń dùn, kí ìwúwo lè bọ́ sórí oríkèé tààrà, kí iṣan sì sinmi. Rírìn bíi pẹ́pẹ́yẹ tí ẹ rí nìyẹn.

Ẹ ṣe ìdánwò méjì, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Èkíní, kí màmá dúró níwájú sínkì, kí wọ́n fi ìka lásán kan etí rẹ̀. Ẹ̀yin, ẹ dúró sẹ́yìn, ẹ gbé àtàǹpàkò lé orí egungun ìbàdí lọ́tùn-ún àti lósì. Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò nílẹ̀. Bí àtàǹpàkò yín ọ̀tún bá já wálẹ̀ tàbí tí àyà wọn bá yẹ̀ sí òsì kó tó pé ìṣẹ́jú-àáyá 30, iṣan òsì kò tíì tó iṣẹ́. Friedrich Trendelenburg, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1895, a ṣì ń lò ó dòní.

Èkejì, ẹ wá ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ara àti pákó tó ga bákan náà. Ẹsẹ̀ òsì lórí ìwọ̀n, ọ̀tún lórí pákó, kí wọ́n dúró bó ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí wọ́n má wo ilẹ̀. Kílò mélòó ló wà lórí òsì?

Títí ẹ ó fi dáhùn, ẹ má ju ọ̀pá nù. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbé e o, ìyẹn ọwọ́ tó kọjú sí ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe.

Bàbá Kàdúná

Fisiò, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Kí màmá máa rìn, kí wọ́n máa rìn sí i ni. Ẹsẹ̀ tí a kò bá lò ló ń gan. Ẹ̀yin ń ka àtàǹpàkò, ẹni tó ń rìn yí ká kọ́ńpáǹdì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ á ti yá kí ẹ tó kà á tán.

Fisiò Gwarinpa

Bàbá, òótọ́ ni apá kan. Ìrìn ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ó ń lé ẹ̀jẹ̀ dídì jìnnà, ó ń ran ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ni a ti ń gbé wọn dìde rìn. Ṣùgbọ́n ìrìn lásán kì í jí iṣan tó ti rí ẹni bá a ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fi ìtiro rin ẹgbẹ̀rún méjì ìgbésẹ̀ lóòjọ́ ti kọ́ ọpọlọ rẹ̀ ní ìtiro ní ẹgbẹ̀rún méjì ìgbà. Mo máa ń rí irú wọn ní oṣù kẹjọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: egungun ti dára, ẹ̀síréè mọ́ kedere, ìtiro ti di ìwà. Títú u ká nígbà náà le ju kí a má jẹ́ kó wọlé lọ.

Torí náà, ìrìn kúkúrú tó tọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà sàn ju ìrìn gígùn kan tó wọ́ lọ. Ìgbà tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ni ìrìn yẹn parí, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin péré.

Nọ́ọ̀sì Lugbe

Kí ọ̀rọ̀ iṣan má jẹ́ kí ẹ gbàgbé àwọn àmì tí kò mọ sùúrù.

Bí iṣan ẹ̀yìn ojúgun bá wú, tó gbóná, tó ń dùn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Bí mímí bá ṣòro lójijì tàbí tí àyà ń gún, kí ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni à ń bẹ̀rù. Oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ fẹ́lẹ́ máa ń tó ọjọ́ 35 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ má fúnra yín dá a dúró torí pé ara ti yá.

Bí nǹkan bá dún tàbí yọ̀, tí ìrora ńlá bá dé lójijì, tí ẹsẹ̀ kúrú, tí ìka ẹsẹ̀ sì dorí kọ inú, oríkèé ti yẹ̀ nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má fà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀, ẹ ki ìrọ̀rí sáàárín ẹsẹ̀, ẹ wá ọkọ̀.

Èyí tó ń pa wá lára jù níhìn-ín ni ibà. Bí ara bá gbóná, ibà ẹ̀fọn lọ̀rọ̀ gbogbo wa. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ọgbẹ́ náà: ṣé ó ń sun omi, ṣé ó pọ́n, ṣé ìrora tó ti lọ tún padà? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ra oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn ní kẹ́mísìtì. Bí ẹ bá ti gbé e mì kí dókítà tó fa omi inú oríkèé wò, kòkòrò náà á fara pa mọ́, kò ní hàn nínú àyẹ̀wò, á sì máa jẹ oríkèé lọ lábẹ́lẹ̀.

Ti bàbá Nyanya: ẹ fi òróró tàbí òrí pa itan àti orúnkún lẹ́rọ̀lẹ́rọ̀, kò burú, kó má dé ojú ọgbẹ́. Fífà àti yíyí, ẹ má gbà. Oríkèé irin kò mọ èdè tẹ́guntẹ́gun.

Ọmọ Ìyá Kubwa

Ẹ ṣeun gan-an. Dókítà ní ẹ̀gbẹ́ ni òun gbà, ó sì ní a lè bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá ẹ̀gbẹ́ báyìí. Àtàǹpàkò mi ọ̀tún já wálẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà. Lórí ìwọ̀n, kílò 68 ni gbogbo ara, ẹsẹ̀ òsì gba 24 péré.

Fisiò Gwarinpa

Ó yé wa báyìí. Kílò 34 ló yẹ kó gbà, wọ́n ń fi mẹ́wàá pamọ́ láìmọ̀. Ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n yẹn ni kí wọ́n fi kọ́ ara wọn. Kí wọ́n dúró lórí rẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ máa ka nọ́ńbà sí wọn létí, kí wọ́n tẹra mọ́ òsì díẹ̀díẹ̀ títí á fi kan 30, kí wọ́n dúró níbẹ̀ fún èémí márùn-ún, kí wọ́n padà. Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, àárọ̀ àti alẹ́. Bí 30 bá rọrùn fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ẹ gbé e lọ sí 34, lẹ́yìn náà 40. Kí ìbàdí ló sún sí òsì, kì í ṣe èjìká.

Eré ìdárayá ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe tí kò ṣiṣẹ́, torí náà ẹ jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé rẹ̀. Kí màmá kẹ̀yìn sí ògiri, kí gìgísẹ̀, ìdí àti ẹ̀yìn kan ògiri, kí àga gíga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọwọ́. Kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ kí gìgísẹ̀ lè yọ̀. Ìka ẹsẹ̀ dojú kọ iwájú. Kí wọ́n wá wọ́ ẹsẹ̀ òsì lọ sí ẹ̀gbẹ́, gìgísẹ̀ ń ra ògiri, bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ó ti tó. Kí wọ́n ka 3 lọ, kí wọ́n dúró ka 2, kí wọ́n ka 3 padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, kí wọ́n sinmi ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tún un ṣe títí á fi di ìpele mẹ́ta.

Ohun mẹ́ta ló máa ń bà á jẹ́. Gìgísẹ̀ á kúrò lára ògiri bọ́ síwájú, ìka ẹsẹ̀ á sì yí síta: iṣan iwájú itan ló ti gba iṣẹ́ yẹn. Ìbàdí òsì á gòkè: iṣan ẹ̀yìn ló ń gbé e. Àyà á yẹ̀ sí ọ̀tún: ara ń ju ẹsẹ̀ ni, kò gbé e. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹsẹ̀ á lọ sókè dáadáa, inú yín á dùn, gluteus medius á sì máa sùn lọ. Kí ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ìdí òsì. Ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ le lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín.

Ìdùbúlẹ̀ gbé ìdí sókè náà dára: orúnkún méjèèjì kákò, kí wọ́n fún ìdí pọ̀, kí wọ́n gbé e sókè fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ẹ̀yìn itan bá ń dì, gìgísẹ̀ ti jìnnà jù, kí wọ́n fà á súnmọ́ ìdí. Jíjókòó àti dídìde náà, lórí àga tó tó sẹ̀ǹtímítà 50, láìfi ọwọ́ tì, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá.

Ti ìwọ̀n lè máa wáyé lójoojúmọ́. Àwọn yòókù, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ kan wà láàárín fún ìsinmi. Iṣan ń dàgbà lọ́jọ́ ìsinmi.

Bí ìpele mẹ́ta ti ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ti mọ́ láìsí àbùkù, ẹ má ra nǹkan olówó ńlá. Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, ìdajì kílò gééré. Ẹ fi sínú ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ẹ so ó mọ́ òkè ọrùn ẹsẹ̀. Èkejì tó bá wà nínú fìríìsà, ẹ fi tówẹ̀lì wé e, ẹ gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ìdí fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn eré ìdárayá. Wíwú oríkèé ń pàṣẹ fún iṣan pé kó má ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrora nìkan.

Ìrora wá ńkọ́? Láti 0 dé 10, bí kò bá ju 3 tàbí 4 lọ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, tó sì ti lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ máa bá a lọ. Bó bá jí wọn lóru, ẹ dín iye rẹ̀ kù sí ìdajì, ẹ má dá a dúró pátápátá.

Alhaja Karu

Mo rí i pé ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ni gbogbo ayé wa wà. Ẹni tó bá ń kírun, orí àga ni. Rúkúù kò gbọ́dọ̀ mú kí orí sún mọ́ orúnkún jù. Ìforíkanlẹ̀ á di ìtẹríba díẹ̀ lórí àga. Àlùwàlá ẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn bá wọn da omi, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀. Ṣáláńgá oníbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀, rárá. Ẹ wá àga oníhò tó ga.

Ìkúnlẹ̀ kí àgbà, ẹni 61 náà ní àgbà tó ń kúnlẹ̀ kí. Nígbà tí dókítà bá gbà wọ́n láyè, orúnkún ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ kejì ló ń kọ́kọ́ dìde, ọwọ́ lórí àga. Kó tó dìgbà náà, àgbà tó bá gbọ́n á rí ọ̀pá, á ní kí wọ́n má kúnlẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ Maruwa kò dára, ó rẹlẹ̀, ó sì ń gbọ̀n. Nínú mọ́tò, iwájú, kí àga lọ sẹ́yìn pátápátá, kí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, tìmùtìmù lórí rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá sórí tìmùtìmù. Ìdí ló ń kọ́kọ́ wọlé, ọ̀rá á jẹ́ kí ara yọ́ yí, ẹsẹ̀ á wá tẹ̀ lé e papọ̀. Ẹ yọ ọ̀rá náà kí mọ́tò tó gbéra o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á yọ̀ síwájú bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì.

Fisiò Gwarinpa

Alhaja, ẹ ṣé, ẹ gbà mí. Àtẹ̀gùn náà ńkọ́: gígòkè, ẹsẹ̀ tí wọn kò ṣe ló ń ṣáájú, sísọ̀kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe. Bí wọ́n bá sì dé ọjà Wuse, àpò ọjà wà lọ́wọ́ òsì, ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹrù tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe máa ń bá iṣan ẹ̀gbẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ẹrù ọwọ́ kejì ń fi kún ìnira rẹ̀. Àwọn ará ilé máa ń ṣe òdì kejì rẹ̀ torí àánú.

Ìyá Ìbejì Kánò

Ti ẹsẹ̀ tó gùn: àwọn tó bá ti dé Dala, ọsibítù eegun tó wà ní Kánò, á mọ̀ pé àwọn dókítà kì í yára dáhùn ìbéèrè yìí. Oríkèé tó ti bàjẹ́ fún ọdún púpọ̀ máa ń fa ìbàdí wọ́, iṣan ẹ̀gbẹ́ á sì ti kúrú. Nígbà tí wọ́n bá dá oríkèé padà sípò, ẹsẹ̀ á dà bíi pé ó gùn, bẹ́ẹ̀ ìbàdí ló dagun. Ẹ dùbúlẹ̀ màmá gbọọrọ, ẹ fi téèpù télọ̀ wọn láti ṣóńṣó egungun ìbàdí níwájú dé egungun tó yọ nínú ọrùn ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà kan, ó sábà máa ń mọ́ra. Ẹ má gbé bàtà fún ṣúméékà láti gbé e ga kó tó pé oṣù mẹ́ta, torí iṣan tó ń na ara rẹ̀ á kàn padà kúrú sídìí bàtà gíga náà.

Ọmọ Sààríà

Kí n fi ti àwọn ẹ̀jẹ̀ SS kún un, torí lọ́dọ̀ wa àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún: orí eegun itan máa ń kú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe eré ìdárayá títí èémí á fi tán, kí wọ́n mumi ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì wọ aṣọ tó nípọn ní àárọ̀ ọyẹ́. Ti yìnyín tí Fisiò dárúkọ, kò kàn wọ́n, otútù lè ṣí ìrora àìsàn náà sílẹ̀.

Fisiò Gwarinpa

Ẹ kú àfikún, ó yẹ kí n ti sọ ọ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló kù, títí di ìgbà wo. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dé bí ẹkẹfà, agbára tó ń wọlé kì í ṣe ti ẹran ara, ọpọlọ ló ń tún ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ iṣan ṣí. Ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni iṣan gan-an ń bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Torí náà, màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ni, wọn kò pẹ́. Ní oṣù kẹta, ìtiro yẹ kó ti dín kù gidi. Iṣan ẹ̀gbẹ́ lè máa lágbára sí i títí ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i tí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà yẹn kò kúrò ní mẹ́fà, pẹ̀lú eré tó tọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà: ibi tí wọ́n rán lè ti tú, tàbí kí okùn tó ń pàṣẹ fún iṣan náà ti fara gbọgbẹ́. Irú okùn bẹ́ẹ̀ máa ń hù tó mìlímítà kan lóòjọ́, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lóṣù, kò sẹ́ni tó lè lé e sáré.

Oúnjẹ náà o. Ẹni kílò 68 ń fẹ́ bíi gíráàmù 80 amáradàgbà lóòjọ́ nígbà tí iṣan ń kọ́ra. Ẹyin kan kò ju 6 lọ. Ẹ̀wà, ẹja, àti wàrà àwọn Fúlàní tó pọ̀ níhìn-ín á ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá, kó bi dókítà rẹ̀ kọ́kọ́.

Ọ̀pá á lọ lọ́jọ́ tí àtàǹpàkò yín kò já títí ìṣẹ́jú-àáyá 30, tí ẹ sì fi fóònù ya ìrìn mítà mẹ́wàá láti ẹ̀yìn tí èjìká kò yẹ̀. Inú ilé kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìta, ti ìrọ̀lẹ́ ìkẹyìn, torí ìrọ̀lẹ́ ni iṣan máa ń rẹ̀. Kí orí ọ̀pá tí wọ́n ń dì mú bá ìlà ọrùn ọwọ́ mu nígbà tí apá bá rọ̀ sílẹ̀ tí wọ́n wọ bàtà. Ẹ sì wo rọ́bà ìdí rẹ̀; èyí tó ti dán á yọ̀ lórí táìlì.

Ọmọ Ìyá Kubwa

Mo yí ọ̀pá dé báyìí, rọ́bà náà ti jẹ títí dé irin. Mà á rà tuntun lọ́la. Màmá ní kí n bi yín: ṣé àwọn lè jókòó lórí àpótí ro àmàlà lọ́jọ́ Sunday?

Fisiò Gwarinpa

Àpótí rárá, ma. Sítóòfù lórí tábìlì, kí wọ́n dúró rò ó, ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ̀, kí ẹlòmíràn di ìkòkò mú. Bí wọ́n bá fẹ́ yí sí ibi àwo, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀, kí wọ́n má fi ìbàdí lọ́. Kí ẹ sì gbé ìwọ̀n yẹn sábẹ́ ẹsẹ̀ òsì nígbà tí wọ́n bá ń rò ó, kí ẹ sọ nọ́ńbà fún wa.